Ọwọ́ Tó Ń Bu Àkọ́jáde

Yéè! Bàbá Bọ́sẹ̀, ó wá dìgbà o, ó dìgbà tí a kò lè fi oṣù kà. Àkànní ọkọ mi, ọmọ Ayétòrò, ẹ ti lọ lóòótọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí ẹ lọ, mo jí, mo dúró kí n gbọ́ bí ẹ ṣe máa ń fi ọwọ́ gbá fúláwà lórí tábìlì lẹ́yìnkùlé, ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé mo ti di opó.

Wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìdágbére sínú ìwé ètò ìsìnkú yín yìí. Bọ́sẹ̀ ọmọ wa ní kí n má jẹ́ kó gùn, pé àwọn àna náà fẹ́ kọ tiwọn. Mo ní kí wọ́n gba àyè lọ́wọ́ àwọn àna. Nínú àwa méjèèjì, ẹ̀yin lẹ ní sùúrù, èmi ni mo ní ẹnu. Ẹ kò sì fi sùúrù yẹn sílẹ̀ fún mi bí ogún, nítorí náà kí gbogbo ẹni tó bá ń ka ìwé yìí fara balẹ̀, n ó sọ tẹnu mi.

Ọkọ mi dáradára, ẹlẹ́yinjú àánú, ẹni tí kì í di ènìyàn sínú wọ oorun. Baba tí kì í na ọmọ, tó jẹ́ pé bó bá wo ọmọ lásán, ọmọ á ti mọ ohun tó ṣe. Nínú gbogbo ọdún tí a fi jọ gbé, ẹ kò jẹun kí ẹ má bi mí bóyá èmi ti jẹun. Ẹ kì í jó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa ń kọ́kọ́ débẹ̀, ẹ̀yin lẹ sì máa ń to àga.

Kí àwọn tí kò mọ̀ yín dáadáa lè mọ̀, Ayétòrò ni wọ́n bí yín sí. Ní Àjàṣẹ́, lódìkejì bọ́dà, lẹ ti kọ́ iṣẹ́ búrẹ́dì nígbà ọ̀dọ́ yín, kí ẹ tó wá sí Owódé, tí ẹ sì di olórí ààrò ní ilé búrẹ́dì Màdáámù. Màdáámù ni gbogbo wa ń pè wọ́n, n kò ní dárúkọ wọn nínú ìwé òkú. Ohun méjì lẹ mú ti Àjàṣẹ́ bọ̀. Ọ̀kan ni búrẹ́dì gígùn tó le lẹ́yìn tó rọ̀ nínú. Èkejì ni ọ̀rọ̀ Faransé kan ṣoṣo, dùsúmáà, tó túmọ̀ sí pé kí ènìyàn rọra. Dùsúmáà yìí lẹ fi ń ṣọ́ iná ààrò, òun lẹ fi tọ́ ọmọ, òun lẹ sì fi ń dá mi lóhùn nígbàkígbà tí inú bá bí mi. Màá pariwo títí, ẹ̀yin á ní, “Ìyá Bọ́sẹ̀, dùsúmáà.” Ariwo mi á wá pọ̀ sí i.

Àṣà kan wà ní ilé búrẹ́dì náà, ọkọ Màdáámù tó ti dolóògbé ló fi lélẹ̀. Búrẹ́dì tó bá kọ́kọ́ jáde nínú ààrò láàárọ̀, wọn kì í tà á. Àkọ́jáde ni wọ́n ń pè é. Olórí ààrò ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ bù ú, yóò sì fún gbogbo òṣìṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí ẹni tó ń pò fúláwà dé orí ẹni tó ń gbálẹ̀. Màdáámù fúnra wọn á na ọwọ́, wọn á gba tiwọn. Ẹni tí kò bá jẹ àkọ́jáde, wọn kò kà á mọ́ ẹni tó wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ máa ń sọ fún mi pé nínú gbogbo iṣẹ́ yín, ibẹ̀ ló dùn mọ́ yín jù. Pé kí ènìyàn lọ́tùn-ún lósì na ọwọ́ sí yín, kí wọ́n sì jẹ ohun tí ẹ bù láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ní iyì wo ló tún kù lẹ́yìn ìyẹn?

Lẹ́yìn náà ni ikọ́ mú yín. Ikọ́ ife ni. Mo kọ ọ́ síbí kedere nítorí ẹ̀yin fúnra yín kò fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ilé-ìwòsàn ní Ìláró ni wọ́n ti yẹ̀ yín wò tí wọ́n sì fún yín lóògùn. Ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ jókòó sílé, ẹ lo oògùn náà títí ó fi tán, èmi sì ń dúró tì yín bí ọlọ́pàá kí ẹ má baà fo ọjọ́ kan. Dókítà tún yín yẹ̀ wò, ó ní ó ti tán pátápátá, ẹ kò lè kó o ran ẹnikẹ́ni, kí ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ kì í jó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ jó díẹ̀ lẹ́nu géètì ilé-ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Ẹ padà síbi iṣẹ́. Búrẹ́dì yọ, ẹ na ọwọ́ sí àkọ́jáde, Màdáámù ní kí ẹ fi sílẹ̀, kí Ràṣídì bù ú. Ràṣídì ló ń pò fúláwà, ẹ̀yin lẹ sì kọ́ ọ níṣẹ́. Ó bù ú. Wọ́n gbé tiyín sórí bébà, wọ́n fi sílẹ̀ lórí àpótí kan lọ́ọ̀ọ́kán kí ẹ lọ mú un. Wọ́n ti fi òwú pupa so kọ́ọ̀pù omi yín létí kí ẹlòmíràn má baà ṣì í mú. Ẹ kò sọ ọ̀kankan fún mi. Ọjọ́ tí mo gbé oúnjẹ ọ̀sán wá fún yín ni mo rí òwú náà, mo sì pariwo débi pé àwọn oníbàárà sá jáde. Ẹ̀yin ní, “Dùsúmáà.”

Ọdún náà ni ìjọba ti bọ́dà pa. Ẹni tí kò gbé Owódé nígbà náà kò lè mọ bó ṣe rí. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí Ìdí-Ìrókò dúró sójú kan títí koríko fi hù lábẹ́ táyà wọn. Àwọn ṣọ́jà àti àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù wà ní gbogbo ojú ọ̀nà, wọ́n ń wá ìrẹsì nínú àpò, nínú búùtù ọkọ̀, àní lẹ́yìn ìyá tó pọnmọ. Búrẹ́dì tí Màdáámù ń tà fún àwọn ará òdìkejì kò rí ọ̀nà gbà mọ́. Ọjà dẹ̀, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Màdáámù wá pè yín, wọ́n ní kí ẹ máa lọ sílé nítorí bọ́dà. Bọ́dà kò lé ẹni tó ń pò fúláwà, kò lé ẹni tó ń la igi, kò lé ẹni tó ń gbálẹ̀. Olórí ààrò nìkan ni bọ́dà rí lé.

Ẹ jókòó sílé, ẹ̀ ń wo ọwọ́ yín. Nígbà tí mo bá ní kí ẹ sọ̀rọ̀, ẹ̀yin á ní bí ìpín ṣe rí nìyẹn.

Bọ́sẹ̀ wà ní ilé-ìwé gíga ní Ìláró nígbà náà. Ó wálé lọ́jọ́ Àìkú kan, ó ní òun ní fíìmù kan nínú fóònù òun. A gbé fóònù ti agolo ìrẹsì tí kò sí ìrẹsì nínú rẹ̀, a sì jókòó wò ó. Ìtàn obìnrin tíṣà kan ni, tí wọ́n lé kúrò níbi iṣẹ́ nítorí àìsàn tó wà lára rẹ̀, tó sì gbé wọn lọ sí kóòtù. Èmi sunkún, mo bú ọ̀gá ilé-ìwé inú fíìmù náà bí ẹni pé ó ń gbọ́ mi. Nígbà tó parí, ẹ ní kí Bọ́sẹ̀ dá a padà sí ibi tí wọ́n ti lé obìnrin náà. Ẹ tún un wò. Ẹ wá sọ pé, “Mo ti rò pé ìpín mi ni. Àṣé ẹjọ́ ni.”

Ilẹ̀ mọ́, ẹ wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ gba Ìláró lọ. Ẹ rí lọ́yà kan, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń bá àwọn tálákà rojọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ wà ní Abẹ́òkúta, pé òun á gbé e débẹ̀. Ó bi yín ní ohun tí ẹ fẹ́ kí òun béèrè lọ́wọ́ adájọ́. Ẹ ní, “Mo fẹ́ kí wọ́n tún máa jẹ àkọ́jáde lọ́wọ́ mi.” Owó gbà-má-bínú ni ọmọ náà kọ sílẹ̀.

Àwọn ẹbí kò fẹ́ ẹ. Wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ẹ ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi ọ̀rẹ́ tó so òwú mọ́ kọ́ọ̀pù ọ̀rẹ́ hàn yín.

Bàbá Bọ́sẹ̀, fíìmù yẹn ti bà yín jẹ́ kí a tó débẹ̀. Ẹ rò pé adájọ́ á ní òòlù tí wọ́n fi ń lu tábìlì. Kò sí òòlù. Ẹ rò pé ọjọ́ kan ni gbogbo rẹ̀ á gbà. A ó gbéra láti Owódé, ṣọ́jà á dá wa dúró títí a fi dé Ìláró, òmíràn á dá wa dúró ní Pápáláńtò, wọn á tú àpò oúnjẹ mi wò bóyá ìrẹsì òkèèrè ni mo sè. Bí a bá wá dé Abẹ́òkúta, wọn á ní lọ́yà Màdáámù kò wá, ká padà lọ́jọ́ mìíràn. Ẹjọ́ inú fíìmù parí kí ẹ̀wà tí mo gbé kaná tó jinná. Nínú ẹjọ́ tiwa, a gbin ẹ̀wà, a ká a, a tún gbin òmíràn.

Ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ, lọ́yà Màdáámù sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ fò dìde, ẹ na ìka sókè, ẹ ké “Ọ̀bújẹ́kṣọ̀n!” pé ẹ kò gbà, bí wọ́n ti ṣe é nínú fíìmù. Adájọ́ wò yín láti òkè ìgò ojú wọn, wọ́n ní, “Bàbá, ẹ jókòó. Ẹ ní lọ́yà.” Gbogbo kóòtù rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹ foríjì mí. Síbẹ̀ ẹ fẹ́ràn adájọ́ yẹn, nítorí pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá sì ti ń sáré sọ̀rọ̀, wọn á ní, “Rọra, mò ń kọ ọ́.” Ẹ yíjú sí mi, inú yín dùn, ẹ ní, “O ò rí i? Adájọ́ gan-an mọ dùsúmáà.”

Ó kan Màdáámù láti jẹ́rìí. Wọ́n búra. Wọ́n ní ẹ kò sọ fún àwọn rí pé ikọ́ ife ló mú yín, pé òtútù làwọn gbọ́, pé bọ́dà nìkan ló fà á tí àwọn fi ní kí ẹ lọ sílé. Ó sì yọ̀ lẹ́nu wọn. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé bọ́dà tì, ta ni yóò jiyàn rẹ̀? Mo wo ojú adájọ́, mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ wọ́n létí. Bí wọ́n bá dá ẹjọ́ lọ́jọ́ náà, àwa la jẹ̀bi.

Àwọn ará Owódé kún inú kóòtù, títí kan àwọn obìnrin tó ń gba búrẹ́dì lọ́wọ́ Màdáámù láti lọ tún un tà. Lọ́yà wa dìde. Kò pariwo, kò na ìka. Ó kàn fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè pé, “Màmá, ẹ ní ẹ kò mọ̀ pé ikọ́ ife mú un. Ó túmọ̀ sí pé títí di ọjọ́ tó fi kúrò, òun náà ló ń fi ọwọ́ kó búrẹ́dì tí ẹ̀ ń tà fún gbogbo ìlú?”

Màdáámù wo àwọn oníbàárà wọn. Àwọn oníbàárà náà ń wò wọ́n. Oníṣòwò ni Màdáámù láti kékeré, oníṣòwò kò sì lè gbọ́ kí wọ́n ní ọjà òun kò mọ́ kó dákẹ́.

“Rárá o! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Láti ọjọ́ tó ti ilé-ìwòsàn dé, kò fọwọ́ kan búrẹ́dì mi mọ́. Mo ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo so òwú mọ́ kọ́ọ̀pù rẹ̀, mo ya oúnjẹ rẹ̀ sọ́tọ̀. Ẹ bi ẹnikẹ́ni. Búrẹ́dì mi mọ́ tónítóní!”

Adájọ́ ní, “Ẹ rọra, Màmá, mò ń kọ ọ́.”

Mo fẹ́ jó níbẹ̀. Mo yíjú sí yín kí a jọ yọ̀, ẹ ti dorí kodò. Ẹ ní, “Wọ́n ti sọ ọ́ lójú gbogbo ayé.” Ohun tó gba ẹjọ́ là fún wa ló gún yín lọ́kàn. Nígbà tí a jáde, ẹ dọ̀bálẹ̀ kí Màdáámù nítòsí mọ́tò wọn, wọ́n wọ inú rẹ̀ lọ. Inú bí mi sí yín, n kò bá yín sọ̀rọ̀ títí a fi kọjá Pápáláńtò.

Adájọ́ dá a pé bọ́dà kọ́ ló lé yín, ikọ́ tó ti tán ni, òfin kò sì gbà kí wọ́n fi àìsàn lé ènìyàn kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní kí Màdáámù san owó gbà-má-bínú, Màdáámù sì san án. Àwọn ènìyàn ń kí yín kú oríire. Ẹ fa lọ́yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ bi í pé, “Ṣé adájọ́ ní kí wọ́n máa jẹ ẹ́ lọ́wọ́ mi?” Ọmọ náà wolẹ̀. Ó ní, “Bàbá, kóòtù kò lè pàṣẹ fún ẹnu.” Ẹ̀yin tí ẹ jàre, ẹ ṣe bí ẹni tó jẹ̀bi títí a fi délé.

Ẹ fi owó náà mọ ààrò sẹ́yìnkùlé wa. Ní àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, búrẹ́dì yọ, ẹ bu àkọ́jáde sínú àwo, ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Èmi jẹ, Bọ́sẹ̀ jẹ. Àwọn aládùúgbò fi ẹ̀rín gbà á, wọ́n ní àwọn á jẹ ẹ́ nílé. Ní ọ̀sán, a rí i lẹ́yìn ògiri, adìẹ ń ṣá a jẹ. Mo ti sán aṣọ mọ́dìí láti lọ bá wọn jà. Ẹ dì mí lọ́wọ́ mú, ẹ ní, “Adìẹ náà mọ ohun tó dára.” Bó ṣe ń lọ nìyẹn. Ẹ̀ ń bù ú láràárọ̀, ẹ̀ ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, adìẹ àdúgbò sì ń sanra.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, Ràṣídì yà. Ó ṣì ń bá Màdáámù ṣiṣẹ́, ó sì mọ̀ pé bí wọ́n bá gbọ́, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ òun, nínú ọdún tí iṣẹ́ wọ́n bí ojú. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí yín. Ẹ wò ó, ẹ bi í pé ṣé ó dá a lójú. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bù ú kó tóbi.” Ó dúró sí gbangba níbi tí gbogbo àdúgbò ti ń wò ó, ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ìka rẹ̀, ó sì ní kí ẹ bu omi fún òun nínú kọ́ọ̀pù yín. Ẹ bu omi fún un. Ẹ wọ yàrá, ẹ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ẹ sunkún. Mo ti fẹ́ yín láti ìgbà èwe mi, n kò rí omijé yín rí ṣáájú ọjọ́ náà, kódà nígbà tí ikọ́ ń gbé yín lọ.

Lẹ́yìn ti Ràṣídì, ẹnì kan wá, ẹlòmíràn tún wá. Nígbà tí wọ́n ṣí bọ́dà padà, àwọn awakọ̀ tó ń lọ sí Ìdí-Ìrókò máa ń dúró kí àkọ́jáde yọ kí wọ́n tó máa lọ. Màdáámù nìkan ni kò wá. Síbẹ̀, láràárọ̀ ni ẹ máa ń bu tiwọn, ẹ ó fi sínú àwo, ẹ ó sì bò ó. Mo jà yín níyàn lórí àwo yẹn títí ó fi sú mi. Ẹ ní ọkọ wọn ló gbà yín síṣẹ́, pé àkọ́jáde kì í yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Tó bá di ọ̀sán tí wọn kò wá, ẹ̀yin á jẹ ẹ́ fúnra yín.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló mú yín lọ, ikọ́ kọ́. Mo kọ ọ́ síbí nítorí mo mọ ará Owódé, mo sì mọ ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́sẹ̀ títì. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ ikọ́ ńkọ́? Ṣé n kò ní sin yín ni?

Ràṣídì ni yóò dá iná sí ààrò yín ní àárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, yóò sì gbé búrẹ́dì náà wá bá wa ní Ayétòrò. Bí a bá ti kúrò létí sàréè, èmi ni n ó bu àkọ́jáde. Ẹ̀yin tí ẹ wá bá mi kẹ́dùn, bí ẹ bá fẹ́ kí mi kú ọ̀fọ̀, ẹ má wulẹ̀ sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ na ọwọ́.

Màdáámù ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá sin yín. Mo kọ́kọ́ ránṣẹ́ padà pé kí wọ́n jókòó sílé wọn. Nígbà tó di ọ̀sán, mo rántí àwo yẹn, mo wá ránṣẹ́ mìíràn pé kí wọ́n máa bọ̀. Àwo wọn yóò wà níbẹ̀, n ó ti bò ó bí ẹ ti máa ń ṣe. N ó gbé e lọ bá wọn níwájú gbogbo ènìyàn. Bí wọ́n bá gbà á, Àkànní, wọ́n ti jẹ ẹ́ lọ́wọ́ yín. Bí wọn kò bá gbà á, n kò ní pariwo. N ó gbé e padà délé, tó bá di ọ̀sán, n ó jẹ ẹ́ fúnra mi.

Ẹ sùn re o, ọkọ mi. Ẹ má sáré lójú ọ̀nà tí ẹ̀ ń lọ yẹn. Dùsúmáà.

Èmi ni Ìyá Bọ́sẹ̀, ìyàwó yín.